Orí Keje: Wáyà Tó Ń Gbé Iná Lọ Bá Wúfà

Camry kan wọ ọgbà rìwáyà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ohun tí ẹni tó ni ín ń rojọ́ ni pé bí báàsì bá ti dún gbì, iná iwájú ọkọ̀ á ṣẹ́jú, bí orin bá sì ti tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wúfà á dákẹ́ lójijì. Ámpìlífáyà kẹta rèé tó ń rà láàárín ọdún kan. Rìwáyà kò tiẹ̀ wo ámpìlífáyà. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn sókè, ó sì fọwọ́ kan wáyà pupa kan tó gba ibẹ̀ lọ sí búùtù. Wáyà náà gbóná bí ife tíì. Wáyà ilé ni, irú èyí tí wọ́n fi ń fa iná sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ti so ó ní oríkèé méjì, wọ́n fi téèpù dúdú wé e.

Kò sóhun tó ṣe ámpìlífáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wáyà ni kò jẹ́ kí oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ wọn. Nínú orí yìí, a ó kọ́ bí a ṣe ń yan wáyà iná fún wúfà ọkọ̀, bí a ṣe ń fà á láti bátìrì dé búùtù, àti bí a ṣe ń wọn iṣẹ́ ọwọ́ wa kí oníbàárà tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ àpótí wúfà àti bí a ṣe ń kàn án di Orí Kẹjọ.

Wo fíúsì, má wo páálí

Kí a tó ra wáyà, a ní láti mọ iye iná tí ámpìlífáyà máa fà. Páálí kì í sọ ọ́. Ẹni tó bá ti rìn yí ọjà Alaba po á ti rí páálí tí wọ́n kọ 3000 W sí gàdàgbà, tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ kò sì wúwo tó Bíbélì ńlá. Iye tí wọ́n kọ síbẹ̀, bó bá tiẹ̀ jẹ́ òótọ́, ti ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni. Ẹni tó fò sókè lẹ́ẹ̀kan tí orí rẹ̀ kan àjà, a kì í tìtorí ìyẹn sọ pé ó ga tó àjà.

Ẹ yí ẹ̀rọ náà sí ẹ̀gbẹ́. Lẹ́bàá ibi tí wáyà iná ń wọ̀, ẹ ó rí fíúsì kéékèèké tí wọ́n kì bọ inú rẹ̀. Ká ní méjì ni, tí wọ́n kọ 30 sára ọ̀kọ̀ọ̀kan: 60 ámpù ni iná tí ẹ̀rọ náà lè máa fà láìjẹ́ pé fíúsì já. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, alternator máa ń gbé iná ọkọ̀ dúró láàárín 13.8 sí 14.4 fóltì. Bí a bá mú 13.8, tí a rántí pé fóltì lọ́nà ámpù ló ń fún wa ní wáàtì:

13.8 × 60 = 828 wáàtì

Èyí tó ń wọlé nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń di ohùn. Apá kan ń di ooru, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe ara ámpìlífáyà ní eyín-eyín bí òòyà, kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní Class D máa ń sọ nǹkan bí 80 nínú 100 di ohùn. Class AB, tó jẹ́ irú ti àtijọ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì lọ. Nítorí náà ẹ̀rọ oní-3000 wa yìí, bó bá jẹ́ Class D, nǹkan bí 660 wáàtì ló lè máa mú jáde láìdáwọ́ dúró. Kò burú o. 660 wáàtì tó láti mú kí nọ́ńbà ẹ̀yìn ọkọ̀ máa gbọ̀n. Àmọ́ 60 ámpù yẹn la ó fi yan wáyà, kì í ṣe 3000.

Aláàárù tó ń bu ẹrù jẹ

Wáyà kì í gbé iná lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dà bí aláàárù tí a gbé gààrí rù, tó ń bù ú jẹ bó ṣe ń lọ: bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni gààrí á ṣe dín kù tó. Fóltì ni wáyà ń bù jẹ, ó sì ń sọ ọ́ di ooru lára ara rẹ̀. Ìdènà la ń pe ìwà yìí. Óòmù la fi ń wọ̀n ọ́n, a sì fi orúkọ yìí rántí Georg Simon Ohm, olùkọ́ ará Jámánì tó tẹ òfin náà jáde nínú ìwé lọ́dún 1827: fóltì tó ń sọnù lórí wáyà kan kò ju ámpù tó ń gba inú rẹ̀ kọjá, lọ́nà ìdènà rẹ̀, lọ.

Ìṣirò ti bàbà rọrùn. Wáyà bàbà tó gùn ní mítà 1, tí ojú ibi tí a gé e sì jẹ́ 1 mm², ìdènà rẹ̀ jẹ́ 0.0172 óòmù. Ẹ fi gígùn rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì fi ìnípọn rẹ̀, ìyẹn mm² ojú ibi tí a gé e, pín in. Ìnípọn yìí ni nọ́ńbà tí àwọn ọlọ́jà ń pè nígbà tí wọ́n bá ní wáyà 2.5 tàbí wáyà 16.

Láti bátìrì Camry tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì títí dé búùtù, tí a bá ka gbogbo ìkọ́rọ̀ mọ́ ọn, ẹ ka mítà 5. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wáyà ilé tí rìwáyà bá nínú ọkọ̀ yẹn, oní-2.5:

0.0172 × 5 ÷ 2.5 = 0.0344 óòmù
0.0344 × 60 = 2.06 fóltì

Fóltì méjì ti ṣègbé lọ́nà kí iná tó dé búùtù. Níbo ló lọ? Ámpù lọ́nà ámpù lọ́nà ìdènà ló ń fún wa ní ooru: 60 × 60 × 0.0344, ìyẹn nǹkan bí 124 wáàtì. Ẹ rántí gílóòbù 100 wáàtì ayé àtijọ́, tí ọwọ́ kì í lè gbà bó bá ti tàn. Ju ẹyọ kan irú rẹ̀ lọ ló wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì yẹn. Orin kì í sì í fa 60 ámpù ní gbogbo ìgbà, ó ń lù, ó ń sinmi. Ohun tó jẹ́ kí wáyà náà mọ sí gbígbóná bí ife tíì nìyẹn, tí kò fi jó.

Ààlà tí a ń lò nínú iṣẹ́ yìí ni pé kí ohun tó ń sọnù láti bátìrì dé ámpìlífáyà má ju ìdajì fóltì lọ. Wáyà 10 á sọ 0.52 fóltì nù, ó fi díẹ̀ kọjá ààlà. Wáyà 16 á sọ 0.32 nù. Wáyà 25, 0.21. Fún ọkọ̀ yìí, 16 ló tó. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun máa fi ámpìlífáyà kejì kún un lọ́dún tó ń bọ̀, kó yáa ra 25 nísinsìnyí, torí iṣẹ́ títú ọkọ̀ palẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kò dùn.

Bí wáyà bá wá nínú páálí láti Amẹ́ríkà, wọ́n lè kọ nọ́ńbà AWG sí i lára. Nọ́ńbà yìí dà bí ipò ọmọ ní kíláàsì: èyí tó kéré ló ga. AWG 8 jẹ́ 8.4 mm², AWG 4 jẹ́ 21 mm², AWG 0 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 54. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi AWG 8 rọ́pò 4, tó ní òun ra èyí tó tóbi jù.

Ẹ ṣọ́ra fún wáyà tí wọ́n fi bàbà bò. Alumíníọ̀mù ni inú rẹ̀, bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà lára. Wọ́n ń kọ CCA sí i, bí ẹni tó kọ ọ́ bá lójútì. Agbára rẹ̀ láti gbé iná kò fi bẹ́ẹ̀ ju 64 nínú 100 ti bàbà lọ, nítorí náà wáyà 16 oní-CCA kò ju wáyà 10 oníbàbà lọ. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n: ó fúyẹ́ ju bó ṣe tóbi lọ, torí alumíníọ̀mù kò wúwo tó ìdá kan nínú mẹ́ta bàbà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú fọ́nrán kan jáde kí ẹ fi abẹ ha á. Bí ibi tí ẹ ha bá funfun bíi ṣíbí, ẹ ti mọ nǹkan tí wọ́n fẹ́ tà fún yín. Mi ò ní ká má rà á rárá. Tí owó ò bá tó, ẹ rà á ní ìpele kan sókè, kí ẹ sì mọ̀ pé òun lẹ rà.

Ohun kan tún kù tí wáyà ilé fi jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ bàbà kan ṣoṣo tó le gbagidi. Ọkọ̀ ń gbọ̀n láti àárọ̀ dalẹ́, bàbà gbagidi a sì máa rẹ̀, a máa ṣẹ́. Wáyà ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ fọ́nrán tín-ín-tìn-ìn-tín púpọ̀ tí a lọ́ pọ̀.

Fíúsì ń ṣọ́ wáyà

Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé torí ámpìlífáyà la ṣe ń fi fíúsì síwájú. Ámpìlífáyà ní tirẹ̀ lára. Wáyà ni fíúsì iwájú ń ṣọ́, àti ọkọ̀, àti ẹni tó jókòó sínú rẹ̀.

Bátìrì tó lè yí ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ámpù jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní wáyà pupa bó níbì kan, tí bàbà rẹ̀ fara kan irin ọkọ̀: kò sí ámpìlífáyà láàárín mọ́, kò sí ìdènà kankan àfi ti wáyà fúnra rẹ̀. Wáyà á pọ́n bí irin inú ẹwìrì kí ẹnikẹ́ni tó ráyè ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí fíúsì bá wà, òun ló máa já, iná á sì dákẹ́ síbẹ̀.

Àmọ́ apá wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíúsì kò ní olùṣọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń mú fíúsì sún mọ́ bátìrì tó bẹ́ẹ̀, kó má ju 45 sẹ̀ǹtímítà lọ. Fíúsì inú búùtù nìkan kò ṣe nǹkan kan fún mítà márùn-ún tó wà níwájú rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí bátìrì wọn wà nínú búùtù, bíi BMW E46. Wáyà tiwọn kúrú, ó sì ń pa owó mọ́, ṣùgbọ́n fíúsì kò yẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Fún ìṣirò wa, fíúsì ANL oní-80 ámpù bá wáyà 16 oníbàbà mu: ó ju 60 tí ẹ̀rọ ń fà lọ, wáyà náà sì lè gba 80 láìjó. Fíúsì 200 lórí wáyà kan náà, ọ̀ṣọ́ lásán ni, torí wáyà ni yóò kọ́kọ́ yọ́. Ní ti àwọn tó máa ń fi fọ́nrán wáyà tàbí ìṣó dí ojú fíúsì tó ti já kí orin lè máa lọ, wọ́n ti ní kí olùṣọ́ lọ sùn.

Ọ̀nà tí wáyà ń gbà

Sípánà 10 la fi ń tú orí bátìrì Toyota. Nẹ́gétíìfù la ń kọ́kọ́ tú, òun náà la ń dè kẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ ni pé gbogbo irin ọkọ̀ ni nẹ́gétíìfù. Bí ẹ bá ń tú pósítíìfù lọ́wọ́ tí ìdí sípánà fara kan irin bọ́nẹ́ẹ̀tì, iná ti rí ọ̀nà tààrà padà sílé. Á ta pàrà, á sì lè lẹ sípánà mọ́ irin. Bí nẹ́gétíìfù bá ti kúrò, ìfarakanra yẹn kò ní ṣe nǹkan kan.

Láàárín ilé ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀, irin kan wà tó dúró bí ògiri. Ẹ má tíì mú dírìlì. Ẹ wá ibi tí àpapọ̀ wáyà tí ọkọ̀ bá wá láti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti wọlé. Rọ́bà dúdú kan máa ń wà níbẹ̀ tó rí bí ọmú. Ẹ fi abẹ la ojú kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rọ́bà náà, kí ẹ jìnnà sí wáyà tó wà nínú rẹ̀. Ẹ na irin háńgà, ẹ tì í wọlé títí ẹ ó fi rí orí rẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ fi téèpù so wáyà mọ́ ìdí rẹ̀ kí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi omi ọṣẹ pa á, kí ẹnì kan máa fà á látinú, kí ẹnì kejì máa tì í láti ìta. Bí ẹ bá fà á, tó kọ̀, ẹ má fi agídí fà á. Ẹ dá a padà, ẹ fi ọṣẹ sí i.

Bí kò bá sí ọ̀nà àfi kí a lu ihò, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ibi tí ẹ fẹ́ lù, kó má lọ jẹ́ páìpù bíréèkì ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá lù ú, ẹ fi òrùka rọ́bà sí etí ihò náà. Etí irin tí dírìlì ṣẹ̀ṣẹ̀ lù mú bí abẹ, ojú ọ̀nà wa kì í sì í jẹ́ kí ọkọ̀ sinmi. Wáyà tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí etí bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ oṣù díẹ̀ kó tó bó, ọjọ́ tó bá sì bó lẹ ó mọ bóyá fíúsì yín wà níbi tó yẹ.

Láti ibẹ̀, wáyà gba abẹ́ ọ̀pá ẹnu ilẹ̀kùn lọ sẹ́yìn. Ẹ gbé e jìnnà sí ẹsẹ̀ bíréèkì àti sí irin tí àga ń yí lé lórí, torí àga tí a tì síwájú sẹ́yìn lè gé wáyà bí àlùmọ́gàjí. Bí ẹ bá rí wáyà tí wọ́n fi ọ̀rá aláwọ̀ ìyeyè wé, ti àpò atẹ́gùn ààbò ni. Ẹ má gún un, ẹ má sì so ohunkóhun mọ́ ọn.

Ìrìn-àjò padà

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ámpù 60 tó gba wáyà pupa lọ gbọ́dọ̀ padà sí nẹ́gétíìfù bátìrì, ara irin ọkọ̀ ló sì ń gbà padà. Àwọn rìwáyà ń pe ibi tó ti ń wọ ara irin ní ẹ́ẹ̀tì. Ìdí ẹ́ẹ̀tì ni wàhálà ti ń pọ̀ jù, torí ó rọrùn lójú: wáyà kúkúrú, bóòtù kan, ó tán. Èèyàn á náwó lórí wáyà pupa tó nípọn bí àtàǹpàkò, á wá fi wáyà tín-ín-rín mú ẹ́ẹ̀tì.

Wáyà ẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ nípọn bíi ti pupa, kó má sì gùn ju mítà 1 lọ. Ẹ wá irin tó jẹ́ ara ọkọ̀ gan-an nínú búùtù, kì í ṣe irin ìbòrí tí a lè ṣí kúrò. Ẹ má lo bóòtù bẹ́líìtì àga. Bóòtù yẹn ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá forí sọ. Ẹ fi sáńpépà ha ọ̀dà ibẹ̀. Ọ̀dà kì í gbé iná. Ẹ ó kọ́kọ́ rí àwọ̀ ọkọ̀, lẹ́yìn náà ọ̀dà eérú tó wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń dúró síbẹ̀ torí wọ́n rò pé irin ti dé. Ẹ máa ha lọ títí yóò fi dán bí ojú ọ̀bẹ tuntun, kó sì fẹ̀ ju orí òrùka wáyà lọ. Ẹ fi wọ́ṣà eléyín sí i, ẹ dè é kó le, kí ẹ tó wá fi ọ̀dà tàbí gíríìsì bo ojú rẹ̀ kí ìpẹtà má jẹ ẹ́.

Wáyà méjì míì kù tí kì í gbé iná púpọ̀. Èyí tó jẹ́ búlúù onílà funfun ń ti ẹ̀yìn rédíò wá láti jí ámpìlífáyà. Bí rédíò bá kú, ẹ̀rọ á sùn. Ẹni tó bá so ó mọ́ ibi tí iná kì í ti í kú, ẹ̀rọ rẹ̀ á máa jí mọ́jú, bátìrì á sì ti sùn láàárọ̀. Wáyà RCA ló ń gbé orin, ẹ gbé e gba ẹ̀gbẹ́ kejì ọkọ̀, kó má rìn pẹ̀lú wáyà pupa. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn kan tó ń ké fíín, tó ń ga bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré sí i, alternator ni ẹ ń gbọ́. Kì í sábà jáde nínú wúfà torí báàsì nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó wọ ibẹ̀. Spíkà ilẹ̀kùn ni yóò máa ké. Kí ẹ tó ra ohunkóhun láti pa á lẹ́nu mọ́, ẹ padà lọ wo ẹ́ẹ̀tì.

Nípa kapásítọ̀ àti bátìrì

Ọlọ́jà á ní kí ẹ ra kapásítọ̀ 1 fárádì kí iná iwájú má bàa ṣẹ́jú mọ́. Ẹ bá mi ṣírò ó. Láti 14 fóltì sọ̀kalẹ̀ sí 12, agbára tó lè tú jáde jẹ́ 26 júùlù. Ẹ̀rọ tó ń fa 828 wáàtì á jẹ 26 júùlù tán láàárín ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Kapásítọ̀ kì í dá iná; alternator ló ń dá a. Alternator ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré kò ju 80 sí 100 ámpù lọ, iná iwájú, fáànù àti AC sì ń fà nínú rẹ̀. Lójú tèmi, owó kapásítọ̀ ì bá kúkú lọ sórí wáyà mẹ́ta tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: èyí tó ti alternator lọ sí bátìrì, èyí tó ti nẹ́gétíìfù bátìrì lọ sí ara ọkọ̀, àti èyí tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀.

Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ti kú, bátìrì nìkan ló kù. Bátìrì 60 Ah tí orin ń fa 20 ámpù lára rẹ̀ á ti lo ìdajì láàárín wákàtí kan àbọ̀. Ọkọ̀ tó kọrin mọ́jú lóde ìnáwó, títì ni wọ́n ń tì í kúrò níbẹ̀.

Wíwọn iṣẹ́ náà

Fíúsì ni a ń fi sí i kẹ́yìn, lẹ́yìn tí nẹ́gétíìfù ti padà sórí bátìrì. Ẹ gbé ọkọ̀ síta gbangba torí èéfín, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ jẹ́ kí ohùn báàsì kan tó dúró sójú kan, bíi 50 Hz, máa dún fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Orin gidi á jẹ́ kí nọ́ńbà ojú mítà máa fò bí ẹ̀tà.

Ẹ yí mítà sí fóltì DC. Ẹ fi orí kan mú pósítíìfù bátìrì, ẹ fi wáyà gígùn gbé orí kejì dé pósítíìfù ámpìlífáyà. Iye tí mítà bá kọ ni fóltì tó ń sọnù lórí wáyà pupa àti fíúsì. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ láti nẹ́gétíìfù dé nẹ́gétíìfù: ìyẹn ni ti ẹ́ẹ̀tì. Nínú Camry tí a fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n fa wáyà 16 tí wọ́n sì tún ẹ́ẹ̀tì ha, ámpìlífáyà kẹta náà ni wọ́n dá padà sínú búùtù. Iná iwájú kò ṣẹ́jú mọ́.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Fíúsì ara ámpìlífáyà kan jẹ́ 40 ámpù. Wáyà bàbà oní-6 tó gùn ní mítà 4.5 ló ń gbé iná lọ bá a. Fóltì mélòó ló ń sọnù lórí wáyà náà? Ṣé ẹ ó gbà á bẹ́ẹ̀?

2. Ọ̀rẹ́ yín fi fíúsì 80 ámpù sínú búùtù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ámpìlífáyà, kò sì fi ìkankan síwájú. Ẹ ya àwòrán ọkọ̀ náà, kí ẹ fi bírò pupa kun apá wáyà tí kò ní olùṣọ́.

3. Bí báàsì ṣe ń dún, mítà ka 14.1 fóltì lórí bátìrì, ó ka 12.7 lórí ámpìlífáyà. Láti pósítíìfù dé pósítíìfù, 0.3 péré ni. Ibo ni ẹ ó ti kọ́kọ́ mú sáńpépà?